Fọ́tò Abẹ́ Fẹ́rì Martins

Láti ọjọ́ tí Ràdíátù ti ra kámẹ́rà náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Bó bá wà nílé, á máa yọjú wo ilẹ̀kùn. Bó bá jáde, á máa rò ó pé bóyá òun kò tì í dáadáa. Inú àpò Ghana-Must-Go kan tó ti gbó ló ń gbé e sí, tó fi jẹ́ pé bó ṣe ń kọjá ní Bọ́ńdírì, ní Ajégúnlẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé aṣọ òkìrìkà ló ń gbé lọ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ṣe fẹ́ kí wọ́n rò ó.

Iṣẹ́ fọ́tò abẹ́ omi ni Ràdíátù ń ṣe. Àwọn ìyàwó tuntun tó fẹ́ ya fọ́tò nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, tí aṣọ funfun wọn á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lábẹ́ omi bíi pé atẹ́gùn ló ń gbé e, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Owó ń bẹ nídìí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ló ń jẹ owó ọ̀hún. Kámẹ́rà nìkan kọ́. Àpótí tí wọ́n ń ti kámẹ́rà bọ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní háúsìn, ó wọ́n ju kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ. Iná méjì tí ń tàn lábẹ́ omi tún wà lọ́tọ̀. Ọdún mẹ́rin ni Ràdíátù fi lé e. Bó bá ti kówó jọ díẹ̀, dọ́là á tún gbéra. Nígbà tó yá, ó ta Kòròlá rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ kún èyí tó wà nílẹ̀, ó sì ra àlòkù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́fà náírà. Bó bá jẹ́ tuntun ni, kò ní dín ní mọ́kànlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò sì tíì ra ohunkóhun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu rọ́bà róbótó tí ń dí ẹnu háúsìn náà pa nígbà tí Oyèníran kanlẹ̀kùn.

Òmùwẹ̀ ni Oyèníran. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mòòkùn sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní wọ́ọ̀fù Àpápá, kó gé okùn àti àwọ̀n tó bá lọ́ mọ́ pọ̀pẹ́là, kó wá ìdákọ̀ró tó bá já sómi. Òun àti bàbá Ràdíátù jọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, òun ló sì kọ́ Ràdíátù ní ìwẹ̀ ní Marine Beach nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Omi ibẹ̀ dúdú. Ojú kò wúlò níbẹ̀, ọwọ́ ni bàbá náà fi ń ríran láti ọdún yìí wá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó. Ràdí, mo fẹ́ kí o bá mi ya fọ́tò kan."

Ràdíátù rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ gbéyàwó ni?"

Oyèníran kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lánàá òun lọ gé àwọ̀n kúrò nídìí fẹ́rì Martins, fẹ́rì onírin tó ń kó èrò láti Marine Beach sọdá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí òun ṣe ń ti ìdí ọkọ̀ náà mú ara òun dúró, ìka òun wọ ibì kan.

"Ó sán, Ràdí. Níbi tí wọ́n ti jó irin méjì pọ̀. Ó gùn tó báyìí." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Etí rẹ̀ mú bí abẹ. Mo fọwọ́ kàn án wò lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí ni Martins wí?"

"Ó ní ṣé mo fojú rí i. Mo ní ta ló ń fojú ríran níbẹ̀? Ó ní bí òun bá gbé fẹ́rì yẹn gòkè, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ní ṣiṣẹ́, gbèsè báńkì ṣì ń bẹ lọ́rùn òun, òun ò lè tìtorí ìka bàbá arúgbó kan ti ilé iṣẹ́ òun pa. Ó ní kí n mú fọ́tò wá." Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi fọ́tò mẹ́ta han Ràdíátù. Ó ti fi fóònù sínú ọ̀rá, ó ti gbé e wọ inú omi. Gbogbo fọ́tò náà pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, kò sí ohun kan nínú wọn. "Mo sọ fún ara mi pé tìrẹ á ríran."

Ràdíátù wo kámẹ́rà lórí tábìlì. Ó wo bàbá náà. Omi wọ́ọ̀fù kì í ṣe omi òtẹ́ẹ̀lì. Iyọ̀ wà níbẹ̀, epo dísẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, iyanrìn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo péré lábẹ́ rọ́bà yẹn, ó parí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí mo ní iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Queen, ó ti san àsansílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe kámẹ́rà yìí, mi ò ní nǹkan mìíràn."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi," ni Oyèníran wí. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn fọwọ́ kan fìrémù ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún.

Ì bá sàn kó bínú. Ràdíátù gbìyànjú láti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ṣeé ṣe. Ó gbé kámẹ́rà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó tún ṣí i, ó tún tì í. Ó jáde. Ó rìn títí ó fi dé ibùdókọ̀ Coconut, níbi tí àwọn tírélà tò sí lọ rẹrẹẹrẹ. Ó ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá kan, ó fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ó pe Ejiro, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń ya fọ́tò.

"Ta ló lè yá èèyàn ní kámẹ́rà abẹ́ omi?"

"Ti omi òtẹ́ẹ̀lì?"

"Ti wọ́ọ̀fù."

Ejiro figbe bọnu. "Ràdí, you don craze? Ẹni tó máa yá ẹ á gba gbogbo owó kámẹ́rà sọ́wọ́ ná. Èmi ní kékeré yẹn, tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń so mọ́ akoto. Kí ló fẹ́ rí nínú ẹrẹ̀ yẹn?"

Ọkùnrin kan ní Ìkòyí tí Ejiro fún un ní nọ́ńbà rẹ̀ sọ ohun kan náà: kó kó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án wá, òun á dá a padà bí kámẹ́rà bá padà láyọ̀. Ràdíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé fóònù, ó sì rí i pé òun ti rìn dé Wharf Road láìmọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, kò lè fara dà á mọ́. Ó lọ sí Marine Beach, ó sanwó, ó wọ fẹ́rì Martins. Èrò kún inú rẹ̀: àwọn ìyá tó gbé abọ́ ẹja, àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó gbé láptọ̀ọ̀pù kọ́rùn, aboyún kan tó ti gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀ tó ń sùn. Ràdíátù kò jókòó. Ó ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó ń wo ilẹ̀ pẹrẹsẹ irin náà bíi pé òun á rí abẹ́ rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ kan kò dákẹ́ nísàlẹ̀. Ó sún mọ́ Akpos, awakọ̀ fẹ́rì náà.

"Kí ló ń pariwo báyìí?"

"Na pọ́ǹpù. E dey commot water."

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Akpos wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Before, na two times for one day. Now e no dey rest at all. I don tell oga tire."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, omi ru díẹ̀, ọkọ̀ náà mì. Aboyún ti sọ̀ ní òdìkejì, ṣùgbọ́n ojú Ràdíátù kò kúrò lórí ibi tó jókòó sí. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ló ti pe Oyèníran.

"Bàbá, ìgbà wo ni omi máa dúró lọ́la, tí kò ní máa ṣàn?"

"Aago kan ọ̀sán," ni bàbá náà wí. Kò béèrè ìdí.

Martins fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì ń wo aago rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ó ní òun fún wọn ní ogójì ìṣẹ́jú kí èrò ọ̀sán tó wọlé.

Wọ́n tan ẹ̀rọ tí ń fún òmùwẹ̀ ní afẹ́fẹ́ mí. Oyèníran fi rọ́bà afẹ́fẹ́ kan sẹ́nu, Ràdíátù fi ìkejì sí tiẹ̀. Ó ti yẹ rọ́bà róbótó náà wò nígbà mẹ́rin. Ó gba afẹ́fẹ́ sínú, ó bọ́ sómi pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́wọ́.

Bó ṣe rì tó ìwọ̀n ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tán. Ọwọ́ Oyèníran ló dì mú, ọwọ́ yẹn sì ń fà á lọ lábẹ́ irin tí ìkarahun ti bò bí ìpẹ́. Bàbá náà gbé ìka rẹ̀ lé ibì kan. Ràdíátù fọwọ́ tẹ̀ lé e, ó sì mọ̀ ọ́n lára: ìlà kan, tínrín, ó mú. Ó tan iná méjèèjì. Gbogbo ẹrẹ̀ tó wà nínú omi gba iná náà, ó di ògiri funfun báláú níwájú rẹ̀. Ó yà á. Ó sún mọ́ ọn, ó tún yà á. Ó pa iná kan, ó yà á. Nígbà tí wọ́n gòkè tó wo fọ́tò mẹ́rìndínlógún náà, kò sí ọ̀kan tó sàn ju ti fóònù bàbá lọ.

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ni Martins wí, kì í ṣe pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dà bíi pé ara tù ú.

Ràdíátù jókòó sí etí afárá ibi tí fẹ́rì ń gúnlẹ̀ sí. Akpos na omi píọ̀ wọ́tà kan sí i. Ó fi eyín ya á, ó mu díẹ̀. Bó ṣe gbé ọ̀rá náà dání, ó rí àtàǹpàkò ara rẹ̀ láti òdìkejì, ìlà ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere nínú omi mímọ́ náà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fò dìde.

"Akpos, ta ló ń ta ọ̀rá ńlá níhìn-ín? Èyí tó mọ́lẹ̀ kedere. Kí ẹ bá mi ra píọ̀ wọ́tà bíi ogún."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Oyèníran bi í.

"Bàbá, ẹrẹ̀ tó wà láàárín èmi àti irin yẹn ni kò jẹ́ kí kámẹ́rà ríran. Bí mo bá fi omi mímọ́ sí àárín ńkọ́?"

Wọ́n rọ omi náà sínú ọ̀rá ńlá kan títí ó fi wú bí ìrọ̀rí, wọ́n so ó pa, wọ́n fi ọ̀rá kejì bò ó. Martins wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Oyèníran fi ara rẹ̀ ti Ràdíátù mọ́ ìdí ọkọ̀ kí ìṣàn omi má baà gbé e. Ràdíátù fi ọ̀rá omi náà há àárín háúsìn àti irin, ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹrẹ̀ fi kúrò láàárín wọn, ó sì tan iná kan láti ẹ̀gbẹ́. Ó rí i. Lójú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, irin náà hàn, ìpẹtà rẹ̀ pọ́n bí osùn, ìlà dúdú kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó yà á.

Àfi bí ọkọ̀ ńlá kan ṣe kọjá lójú agbami. Ìgbì rẹ̀ gbé fẹ́rì sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Irin náà gbá háúsìn kọ̀ọ̀. Apá Ràdíátù kú tipiri. Nígbà tó tún gbé kámẹ́rà sójú, iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì. Ó mọ iná náà. Ó ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé háúsìn náà, kò sì fẹ́ rí i láéláé. Omi ti ń wọlé.

Bó bá gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bóyá kámẹ́rà á yè é. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo ló yà. Irin tó sán, ìdí ọkọ̀ ta ni? Martins á ní irin gbogbo ọkọ̀ jọra wọn. Oyèníran ti sọ fún Ràdíátù pé irin onígun mẹ́ta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, tí Martins ní kí wẹ́dà tí ń jó irin lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ràdíátù fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọ̀rá omi náà sọ́tùn-ún. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó rí igun kan, ó rí ìkejì. Ó yà á. Ọwọ́ bàbá náà wọ inú fọ́tò, ìka rẹ̀ na sí ìlà náà, ó sì yà á bẹ́ẹ̀. Ó yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣí háúsìn lórí afárá, omi tó wà nínú rẹ̀ tó ife kan. Ó yọ mẹ́mórì káàdì, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ tó gbẹ nù ún, ó fẹ́ ẹ, ó fi sínú láptọ̀ọ̀pù tó yá lọ́wọ́ akọ̀wé kan tó ń dúró de fẹ́rì. Ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Fọ́tò náà jáde.

Martins bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. Ó wo irin onígun mẹ́ta, ó wo ìka Oyèníran, ó wo bí ìlà náà ṣe gba abẹ́ irin náà lọ.

"Akpos," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "sọ fún àwọn èèyàn yẹn kí wọ́n lọ wọ ọkọ̀ mìíràn. Dá owó wọn padà fún wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Ràdíátù gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ Tonbra, tí ń tún fóònù àti láptọ̀ọ̀pù ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Tonbra tú u, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó mi orí. Iyọ̀ ti ń jẹ àwọn wáyà inú rẹ̀. "Sister, ẹ má jẹ́ kí n gba owó yín," ló wí.

Ó pe Queen. Queen fi igbe ta. "Àǹtí Ràdí, ọ̀la ni! Ọ̀la! Ta ni mo tún fẹ́ rí láàárín òní sí ọ̀la?" Ràdíátù dá àsansílẹ̀ rẹ̀ padà kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀, torí pé ìdí náà gùn, kò sì ní yí ohunkóhun padà fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Queen kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú ìwé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyàwó méjì mìíràn ti fagi lé iṣẹ́ wọn.

Wọ́n gbé fẹ́rì gòkè lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí wẹ́dà họ ìkarahun kúrò, ibi tó sán ju ohun tó wà nínú fọ́tò lọ ní ìlọ́po méjì, bó sì ṣe fi òòlù kan án, òòlù náà wọlé. Akpos ló pe Ràdíátù tó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ràdíátù, ó sì tún dùn ún, ó jáde síta, ó tún padà wọlé. Nígbà tó yá, ó lọ sí ọ́fíìsì Martins ní Wharf Road.

"Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ gbé e gòkè. Kámẹ́rà mi ńkọ́?"

Martins fún un ní owó ìmòòkùn, iye kan náà tó fún Oyèníran. "Sísítà, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ò ní kí ẹ padà wọ inú omi. Owó tí mo ń san fún wẹ́dà yìí, mi ò tíì mọ ibi tó ti ń bọ̀."

Ràdíátù fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ sọ fún un nípa aboyún tó ń sùn nínú fẹ́rì. Ó kó owó náà, ó jáde, ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ Wharf Road dé òpin rẹ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà ń pariwo kó kúrò lọ́nà. Gbogbo alẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ló ń wo iye kámẹ́rà lórí fóònù, bíi pé bí òun bá ń wò ó léraléra á wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Àlòkù irú tiẹ̀ ti di mílíọ̀nù méje àtààbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó ní ọkọ̀ afàkọ̀, èyí tí ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, pe Oyèníran. Martins ti fi fọ́tò náà hàn án. Ó fẹ́ irú ẹ̀. Ràdíátù kọ́kọ́ ní òun ò ní ohun tí òun á fi ṣe é, àfi bó ṣe rántí kámẹ́rà kékeré Ejiro. Ó yá a, ó rọ omi sínú ọ̀rá, ó mòòkùn. Ìgbà tó wo fọ́tò náà lórí afárá, ó jókòó pẹ̀kẹ̀. Kò dán tó ti kámẹ́rà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ rí ló wà níbẹ̀. Láti lẹ́ńsì dé irin, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà láàárín, ó ní láti kọ ẹ̀yìn sí wọn fún ìgbà díẹ̀. Fún iṣẹ́ yìí, kámẹ́rà kékeré tí wọn kì í tà tó owó fìríìjì ì bá ti tó.

Ṣùgbọ́n kò lè fi kékeré yẹn ya ìyàwó. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè jókòó. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì rí òmíràn rà. Ó ti ra kékeré tirẹ̀, òun àti Oyèníran ti wo abẹ́ ọkọ̀ mẹ́fà, owó ibẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ lọ sí iṣẹ́ keje, Oyèníran jókòó sórí àga ilé rẹ̀, kò dìde. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ràdí, ọ̀rọ̀ kan ti ń bẹ lọ́kàn mi láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí mo wá bá ẹ yẹn, kò yẹ kí n wá. Mo mọ iye tí o fi ra nǹkan yẹn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ rẹ lo tà."

Ràdíátù ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan gbá ilẹ̀. Ó padà wá, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó gbé bàtà kan, ó ń fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

"Ó ń dùn mí, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mí lójoojúmọ́. Ẹ na ẹsẹ̀ kejì. Omi máa dúró ní aago mẹ́wàá, a ò sì tíì kúrò nílé."